Ta Ló Jèrè, Ta Ló Pàdánù? Ẹ̀kọ́ Lára Pàṣípààrọ̀ Subban àti Weber

  Ẹni tó bá wà ní ìpàdé wa tó kọjá yóò rántí pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Ẹnì kan ní kí wọ́n ta agbábọ́ọ̀lù kan, ẹnì kejì ní bí wọ́n bá tà á, òun kò ní wo bọ́ọ̀lù mọ́ láyé òun. Kò pẹ́ tí àga fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, akọ̀wé sì pa ìwé rẹ̀ dé. Ariwo kọ́ ló dùn wá nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí ọmọ Yorùbá kì í sá fún àríyànjiyàn. Ohun tó dùn wá ni pé fún odidi wákàtí kan, ẹnikẹ́ni kò yí ọkàn ẹnì kejì padà, kò sì sí ẹni tó lè sọ irú ẹ̀rí tí yóò mú òun gbà pé òun ti jẹ̀bi.

Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí àríyànjiyàn kan tí kò kàn wá rárá. A wá eré tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í ṣe, ní ìlú tí a kò dé rí, kí ìfẹ́ ẹgbẹ́ má baà bo ẹnikẹ́ni lójú. Họ́kì orí yìnyín ni eré náà. Àwọn ìlú náà ni Montreal ní ilẹ̀ Kánádà àti Nashville ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2016 ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, àwọn olólùfẹ́ eré náà kò sì tíì jáwọ́ nínú rẹ̀ di òní olónìí.

Eré náà àti ọwọ́ ẹ̀yìn rẹ̀

Họ́kì tí àwa mọ̀ ni ti orí pápá, irú èyí tí àwọn yunifásítì wa fi ń díje. Ti àwọn ará Kánádà yàtọ̀. Orí omi tí wọ́n mú dì gbagidi bí òkúta ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọn a wọ bàtà tó ní irin mímú lábẹ́, wọn a mú ọ̀pá gígùn tó tẹ̀ lẹ́nu lọ́wọ́, wọn a sì máa fi lé róbà dúdú pẹlẹbẹ kan kiri. (Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó dára ju “róbà” lọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí olótùú. A ti wá a títí.) Ẹni mẹ́fà ní ń wà lórí yìnyín fún ìhà kọ̀ọ̀kan: aṣọ́lé kan, ọwọ́ iwájú mẹ́ta, ọwọ́ ẹ̀yìn méjì. Ìṣẹ́jú 60 ni eré náà, ìsọ̀rí mẹ́ta oníṣẹ̀ẹ́jú 20. Nítorí pé eré náà yá púpọ̀, ẹnì kan kì í pẹ́ ju bí ìṣẹ́jú kan lọ kó tó jáde lọ mí, kí ẹlòmíràn sì bọ́ síbẹ̀.

Ọwọ́ ẹ̀yìn ni ẹ̀kọ́ wa dá lé. Mẹ́fà péré ni ẹgbẹ́ kan sábà máa ń mú jáde lọ́jọ́ eré, wọ́n sì ń wọlé ní méjì-méjì. Àwọn tó dára jù nínú wọn lè lò tó ìṣẹ́jú 25 nínú 60. Iṣẹ́ wọn kò mọ sí dídènà nìkan. Ọ̀dọ̀ wọn ni eré ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹni tó bá lè gba róbà lẹ́yìn, kó gbójú sókè, kó sì fi ránṣẹ́ síwájú láìjẹ́ kí ọ̀tá já a gbà, owó ńlá ni. Ọwọ́ iwájú tó bá ṣàṣìṣe, àwọn kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò tún un ṣe. Ọwọ́ ẹ̀yìn tó bá ṣàṣìṣe, aṣọ́lé nìkan ló kù. Nítorí náà wọn kì í tètè gbó. Ọmọ ọdún 19 lè máa tàn bí ìràwọ̀ níwájú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọwọ́ ẹ̀yìn ni kò ní mọ iṣẹ́ náà délẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 23 tàbí 24. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ohun méjì mìíràn wà tí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan kò ní tètè mọ̀. Àkọ́kọ́, nínú líìgì NHL, ọmọdé kì í yan ẹgbẹ́ tí yóò lọ. Lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ ń tò, tí wọ́n ń yan àwọn ọmọ ọdún 18 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tó bá sì ṣe dáadáa kì í ṣáájú nínú yíyàn. Ẹni tí wọ́n bá yàn, wọ́n lè dá a padà sí líìgì àwọn ọ̀dọ́ tàbí kí wọ́n fi sí ẹgbẹ́ kékeré tó ń bá wọn tọ́ ọmọ. Èkejì, láti ọdún 2005 ni òfin ti wà lórí iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ná lórí owó oṣù agbábọ́ọ̀lù. Ní sáà 2016 sí 2017, dọ́là mílíọ̀nù 73 ni. Olówó kò lè fi owó ra gbogbo ayé níbẹ̀. Bí o bá fẹ́ ẹni rere, o ní láti tọ́ ọ dàgbà, tàbí kí o fi ẹni rere mìíràn pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn méjì náà

P.K. Subban ni wọ́n bí ní Toronto ní ọdún 1989. Jàmáíkà ni bàbá rẹ̀ ti wá, ìyá rẹ̀ sì wá láti erékùṣù Montserrat. Olùkọ́ ni bàbá náà, ó sì di ọ̀gá ilé-ìwé. Òru ló máa ń mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ibi yìnyín ìgboro tó wà níwájú gbọ̀ngàn ìlú Toronto, nítorí ìgbà yẹn ni iṣẹ́ tó fi í sílẹ̀. Montreal yàn án ní ọdún 2007, òun ni ẹni 43 nínú ìtò ọdún náà. Ní 2013 ó gba ife Norris, èyí tí wọ́n ń fún ọwọ́ ẹ̀yìn tó dára jù lọ́dún. Ní 2014 wọ́n fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́jọ, dọ́là mílíọ̀nù 72. Ní 2015 ó ṣèlérí láti kó mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là jọ fún ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Montreal. Eré rẹ̀ dà bí ijó: a gbé róbà láti ẹ̀yìn, a yí ẹni méjì po, bó bá jẹ góòlù a yọ̀ tẹ̀yẹ-tẹ̀yẹ. Nígbà mìíràn róbà a já lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀tá a sì jẹ góòlù.

Shea Weber ju Subban lọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Sicamous ni wọ́n ti bí i ní 1985, ìlú kékeré kan ní British Columbia. Nashville yàn án ní 2003, òun ni ẹni 49. Ó sígbọnlẹ̀, kò lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Bó bá gbá róbà, ẹni tó wà lọ́nà a wá ibi gbà. Ní ìdíje ọdún 2015 tí wọ́n fi ń wọn agbára ìgbá, tirẹ̀ ju kìlómítà 170 lọ ní wákàtí kan. Ní eré Òlíḿpíìkì ti Vancouver ní 2010, nígbà tí Kánádà ń bá Jámánì ṣe é, ìgbá rẹ̀ kan lu àwọ̀n góòlù já sí òdìkejì; àwòrán fídíò ni wọ́n lọ wò kí wọ́n tó mọ̀ pé góòlù ni. Láti 2010 ló ti jẹ́ balógun ẹgbẹ́ Nashville. Ní 2012, Philadelphia fi àdéhùn ọdún 14, dọ́là mílíọ̀nù 110, lọ̀ ọ́, Nashville sì ní àwọn yóò san iye kan náà kó má baà lọ. Ọdún 2026 ni àdéhùn náà yóò tó parí.

Àwọn méjèèjì jọ gba góòlù Òlíḿpíìkì fún Kánádà ní Sochi ní 2014. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi ara wọn pààrọ̀, ẹnì kan sí ẹnì kan, kò sí ẹ̀ní. Ọjọ́ méjì péré ló kù kí òfin kan nínú ìwé àdéhùn Subban tó fún un lágbára láti kọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ gbé e lọ ibòmíràn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di iṣu-ata-yán-an-yàn-an

Ìlú Montreal gbóná. Dókítà kan níbẹ̀ ra odidi ojú ewé nínú ìwé ìròyìn Montreal Gazette láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Subban. Ẹ rò ó wò ná: dókítà, owó ara rẹ̀, nítorí agbábọ́ọ̀lù tó ti lọ.

Àwọn tó lòdì sí pàṣípààrọ̀ náà gbé ìṣirò kalẹ̀. Subban jẹ́ ọmọ ọdún 27. Weber yóò pé 31 ní oṣù méjì sí i. Ọdún mẹ́fà ló kù fún Subban nínú àdéhùn, mẹ́wàá ló kù fún Weber. Ara ọwọ́ ẹ̀yìn tó ti ń fi ara dí ìgbá láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ṣé yóò gbé e dé ọmọ ogójì ọdún? Wọ́n tún mú ìṣirò tuntun kan wá. Wọn a ka gbogbo ìgbìyànjú tí ẹgbẹ́ kan gbá sí góòlù nígbà tí ẹnì kan wà lórí yìnyín, wọn a fi wé iye tí ọ̀tá gbá. Lọ́nà yìí, nígbà tí Subban bá wà níbẹ̀, Montreal ló ń lé ọ̀tá. Ti Weber kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ ní àwọn ọdún ìkẹyìn rẹ̀ ní Nashville.

Àwọn tó fara mọ́ ọn ní ìṣirò kò rí ohun gbogbo. Wọ́n ní balógun ni Weber, yàrá ìmúra tó bá wà a máa tòrò. Wọ́n ní eré Subban léwu, ó fẹ́ràn ara rẹ̀ jù. Wọ́n rán wa létí pé ní oṣù Kejì ọdún 2016, àṣìṣe rẹ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní ìparí eré tí wọ́n pàdánù, akọ́nimọ̀ọ́gbá sì dá a lẹ́bi ní gbangba. Ká ní Yorùbá ni wọ́n, a mọ òwe tí wọn ìbá pa: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn ti ìhà kejì ìbá sì dá wọn lóhùn pé nínú eré ìje, ta ló ń wá àkísà?

Níbí ni kí a ti dúró díẹ̀. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí ìhà kọ̀ọ̀kan ń lò. Ìhà kan ń lo ohun tó ṣeé kà: ọdún, owó, iye ìgbá. Ìhà kejì ń lo “ìwà”, “ọ̀wọ̀”, “àgbà”. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé kà jẹ́ irọ́. Àwa tí a tọ́ dàgbà lórí ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé kà rọrùn láti fi nǹkan mìíràn pamọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Kánádà béèrè nígbà náà pé bó bá jẹ́ ọmọ aláwọ̀ funfun ló ń yọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn góòlù, ṣé wọn yóò pè é ní agbéraga, àbí wọn yóò ní inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ rẹ̀? A kò lè wọ inú ọkàn àwọn tó ṣe pàṣípààrọ̀ náà, a kò sì ní fẹ̀sùn kàn wọ́n. Àmọ́ ẹni tó bá fi “ìwà” ṣe ẹ̀rí gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí ohun tí ẹni náà ṣe gan-an, ní ọjọ́ tó ṣe é. Ní ti Subban, ohun tí a rí tọ́ka sí ni ilé ìwòsàn ọmọdé.

Nọ́ńbà pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ àwáwí. Ní sáà 2015 sí 2016, bí a bá ka góòlù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ mọ́ èyí tó ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti jẹ, 51 ni ti Subban, 51 náà ni ti Weber. Dọ́gba-dọ́gba! Ẹni Subban ní, “Eré 68 ló fi ṣe é, Weber lo 78.” Ẹni Weber ní, “Ogún nínú ti Weber jẹ́ góòlù tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, mẹ́fà péré ni ti Subban.” Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ọjọ́ wo ni a óò ṣírò?

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, Nashville dé ìparí ìdíje ife Stanley fún ìgbà àkọ́kọ́, Subban wà níbẹ̀. Pittsburgh ló borí wọn ní eré kẹfà. Ẹni Subban gbé àgbá jó. Ní 2018 Subban wà lára àwọn mẹ́ta tó kù fún ife Norris, Weber sì fi ẹsẹ̀ ṣèṣe, eré 26 péré ló lè ṣe ní sáà náà. Ó dà bíi pé ẹjọ́ ti parí.

Kò parí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, Nashville gbé Subban fún New Jersey, wọ́n gba ọ̀dọ́ méjì àti ẹ̀tọ́ láti yan ọmọ méjì ní ìpele kejì. Wọ́n fẹ́ kí owó rẹ̀ kúrò lọ́rùn wọn ni. Eré 211 ló ṣe fún Nashville ní sáà mẹ́ta. Nígbà tó di 2021, ẹgbẹ́ Montreal tí ẹnikẹ́ni kò kà sí dé ìparí ìdíje, Weber sì ni balógun wọn. Ẹni Weber náà wá gbé àgbá tirẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ara Weber kọ̀. Eré 275 ló ṣe fún Montreal ní sáà márùn-ún, ọdún márùn-ún sì kù nínú àdéhùn rẹ̀. Subban fi eré sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ní ọmọ ọdún 33. Wọ́n gba Weber wọ ilé àwọn akọni họ́kì ní 2024. Kò sí èyí tó gba ife Stanley nínú àwọn méjèèjì.

Nítorí náà, bí o bá béèrè ẹni tó jèrè ní 2017, Nashville ni. Bí o bá béèrè ní 2021, ó ṣeé ṣe kí wọ́n sọ pé Montreal ni. Ìbéèrè mẹ́ta ni àwọn olólùfẹ́ náà pa pọ̀ ṣe ọ̀kan: ta ló mọ eré ṣe jù? Ta ni yóò wúlò fún ẹgbẹ́ wa jù? Ṣé ìpinnu náà bọ́gbọ́n mu pẹ̀lú ohun tí wọ́n mọ̀ lọ́jọ́ náà? Ẹni tó ń dáhùn èkínní kò lè bá ẹni tó ń dáhùn ẹ̀kẹta jà. Wọn kò tilẹ̀ sí lójú ọ̀nà kan náà. Bí a bá fi tìpá mú wa dáhùn, èrò tiwa ni pé ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, pẹ̀lú ọjọ́ orí àti ọdún àdéhùn, Nashville ló ṣe ọjà tó gbọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò sọ ìpinnu yẹn di òmùgọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́ ilé síbi tó dára kò ṣe di òmùgọ̀ nítorí pé ààrá sán lù ú.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ

Ṣùgbọ́n bí a ti ń ka ọ̀rọ̀ náà lọ la rí i pé ibi tí ariwo wà kọ́ ni àdánù wà. Gbogbo ayé ń wo Subban àti Weber. Àwọn ọmọ tí wọ́n jẹ kí wọ́n lọ ni ó yẹ kí Montreal sunkún lé lórí.

Ẹ wo Nashville ná. Ní ọdún 2003 nìkan, wọ́n yan ọwọ́ ẹ̀yìn mẹ́ta: Ryan Suter, ẹni 7, Kevin Klein, ẹni 37, Weber fúnra rẹ̀, ẹni 49. Ní 2008 wọ́n yan Roman Josi láti Switzerland, ẹni 38. Ní 2009 wọ́n yan Ryan Ellis, ẹni 11, àti Mattias Ekholm láti Sweden, ẹni 102. Wọn kò kánjú. Ellis padà sí líìgì ọ̀dọ́ títí di 2011. Ekholm wà ní ìlú rẹ̀ di 2012, ó sì tún lo sáà kan ní Milwaukee, ẹgbẹ́ kékeré tó ń bá Nashville tọ́ ọmọ. Josi náà gba Milwaukee kọjá. Ní irú ibẹ̀, ọ̀dọ́ ń ṣe eré lóròòru, ó ń lo ìṣẹ́jú tó pọ̀, ó ń ṣàṣìṣe níbi tí ojú kò pọ̀. Èyí sàn ju kó jókòó sórí ìjókòó ní ìlú ńlá kó máa wo àwọn àgbà.

Nígbà tí Suter lọ sí Minnesota ní 2012, ta ni wọ́n fi Josi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Weber ni. Sáà mẹ́rin ni wọ́n jọ ṣe. Ọ̀dọ́ náà lè sáré jáde lọ kọlu ọ̀tá nítorí ó mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn tí kì í ṣípò. Josi gba ife Norris ní 2020. Ẹ̀rí yìí wà fún àwọn ẹni Weber, a sì gbọ́dọ̀ fún wọn: àgbà tó tọ́ ọmọ, kò sí ìṣirò tó ń ka ti ọmọ náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nítorí pé abà wọn kún, ó ṣeé ṣe fún wọn láti tà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, nígbà tí wọ́n nílò ọwọ́ iwájú àárín, wọ́n fún Columbus ní Seth Jones, ọwọ́ ẹ̀yìn tí wọ́n yàn ní ẹni 4 ní 2013, wọ́n sì gba Ryan Johansen. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n ta balógun wọn. Ilé kò sì dá páropáro.

Montreal ńkọ́? Ọdún 2007 tí wọ́n yan Subban ní ẹni 43, wọ́n ti kọ́kọ́ yan ọwọ́ ẹ̀yìn mìíràn ní ẹni 12, Ryan McDonagh. Ní 2009, kí ọmọ náà tó ṣe eré kan ṣoṣo fún wọn, wọ́n fi í mọ́ àwọn tí wọ́n kó fún New York Rangers láti gba Scott Gomez. Gomez ti gba ife Stanley rí, olókìkí ni, owó oṣù rẹ̀ sì wúwo. Ní Montreal ó dé ibi tó fi ju ọdún kan lọ láìjẹ góòlù kan nínú líìgì, láti oṣù Kejì 2011 di oṣù Kejì 2012. McDonagh di balógun Rangers ní 2014.

Ó yẹ kí èyí kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, ọjọ́ márùn-ún ṣáájú kí wọ́n tó gbé Subban lọ, wọ́n yan ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan ní ẹni 9, Mikhail Sergachev. Eré mẹ́rin ló ṣe fún wọn kí wọ́n tó dá a padà sí ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 19, wọ́n fi í gba Jonathan Drouin lọ́wọ́ Tampa Bay. Ọ̀pọ̀ ará Montreal yọ̀, nítorí ọmọ Quebec ni Drouin, èdè Faransé ló sì ń sọ.

Kí ló fà á? Èrò tiwa ni pé ìlú tó fẹ́ràn eré jù ni kì í ní sùúrù. Montreal ti gba ife Stanley lẹ́ẹ̀mẹrìnlélógún, kò sí ẹgbẹ́ tó gbà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n 1993 ni wọ́n ti gbà á kẹ́yìn. Ìwé ìròyìn èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ń tọ́ka àṣìṣe ní àárọ̀ kejì. Ọ̀gá tó bá ní òun ń dúró de ọmọ ọdún 18 kó gbó, ta ni yóò gbọ́ tirẹ̀? Ní Nashville, orin àti bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ló gba etí ìlú. Ọmọdé lè ṣubú kó dìde láìjẹ́ kí gbogbo ọjà gbọ́. A kò sọ pé Montreal kò lè yí padà o. Ní 2022 wọ́n yan Lane Hutson, ọmọ kúkúrú tí ẹgbẹ́ púpọ̀ fò dá nítorí kò síngbọnlẹ̀, ẹni 62 ni. Wọ́n fi í sílẹ̀ ní yunifásítì rẹ̀ ní Boston títí di 2024. Ní 2025 ó gba ife Calder, ti ọ̀dọ́ tuntun tó dára jù nínú líìgì.

Ti àwọn ọmọ ilé wa

A ní eré tí kò kàn wá ni, ṣùgbọ́n bí a ti ń wá a kiri la bá ọ̀rọ̀ ilé pàdé. Ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe eré nínú NHL, Rumun Ndur, Zaria ni wọ́n bí i sí ní 1975. Ọwọ́ ẹ̀yìn ni. Buffalo ló yàn án ní 1994. Àwa tí à ń pe ara wa ní àjèjì níhìn-ín lókè ọya, ẹ ò rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí níhìn-ín ti lọ jìnnà jù wá lọ!

Èkejì ni Akim Aliu. Okene ni wọ́n bí i sí ní 1989. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ìyá rẹ̀ ọmọ Ukraine. Ọdún 2007 kan náà ni Chicago yàn án, ẹni 56, mẹ́tàlá péré lẹ́yìn Subban. Wọ́n fi sí ẹgbẹ́ kékeré wọn ní Rockford láti gbó. Ní 2019 ló wá sọ ọ́ síta pé akọ́nimọ̀ọ́gbá òun níbẹ̀ fi ọ̀rọ̀ burúkú tí wọ́n fi ń bú ènìyàn dúdú bú òun níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ òun, nítorí orin tí òun ń gbọ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá náà, tó ti dé ipò ńlá nígbà náà, fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Eré méje péré ni Aliu ṣe nínú NHL. A kò sọ pé èébú nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olólùfẹ́ eré bá ń sọ pé “ọ̀dọ́ yẹn kò gbó”, ẹnikẹ́ni kì í sábà béèrè pé ọwọ́ ta ni wọ́n fi í sí.

Ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2021 ni kí a fi parí ìtàn náà. Tampa Bay àti Montreal ń ṣe eré karùn-ún ìparí ìdíje. Góòlù kan ṣoṣo ló wọlé lọ́jọ́ náà, Tampa ló jẹ ẹ́. McDonagh wà lára àwọn méjì tí wọ́n kọ orúkọ wọn pé wọ́n fi róbà ránṣẹ́ fún ẹni tó jẹ ẹ́. Sergachev, ọmọ ọdún 23, wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ife Stanley rẹ̀ kejì sì nìyẹn. Weber, balógun ẹni tó pàdánù, tò pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ láti bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Kò ṣe eré kankan mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Iṣẹ́ fún ìpàdé tó ń bọ̀: kí olúkúlùkù fi ara rẹ̀ sí ipò ọ̀gá Montreal ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2016. Kò mọ 2017, kò mọ 2021. Ṣé yóò fọwọ́ sí i àbí kò ní fọwọ́ sí i? Kí ó kọ ìdí mẹ́ta, kí ó sì kọ ohun kan tó jẹ́ pé bó bá ṣẹlẹ̀, òun yóò gbà pé òun jẹ̀bi. Ẹni tí kò bá kọ ti ìkẹyìn yìí, alága kò ní fún un láyè láti sọ̀rọ̀.